Ẹrù Ta Ni Ọmọ Yìí Rù? Àtúnṣe Òṣùwọ̀n Nínú Ìgbéléwọ̀n Ńlá fún Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́

Láti ìgbà tí èsì ìwádìí MICS ti ọdún 2021 ti jáde, èyí tí àjọ NBS tó ń rí sí ètò ìṣirò orílẹ̀-èdè yìí ṣe pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ UNICEF, ni gbólóhùn kan ti ń jà ràn-ìn láàárín àwọn tí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ kàn. Gbólóhùn náà ni pé nínú ọmọ mẹ́rin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 7 sí 14 ní Nàìjíríà, nǹkan bí mẹ́ta ni kò lè ka gbólóhùn tó rọrùn tàbí kí ó yanjú ìṣirò kékeré. Bí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá dé yàrá àwọn olùkọ́ ní Ìgèdè-Èkìtì, ní Ìyìn tàbí ní Adó, ìbéèrè kan náà ni ó máa ń tẹ̀ lé e: “Ta ni wọ́n bi? Wọn kò dé ọ̀dọ̀ tiwa.”

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ìbéèrè òpè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú òpè ni àwọn tó ń gbé èsì jáde fi ń wò ó. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Kí ni ó wá fún ọmọ kan ní àṣẹ láti dúró fún ọgọ́rùn-ún ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè ọ̀rọ̀? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú nǹkan kan tí ìwé ìròyìn kì í sábà dárúkọ, tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ sì ti jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì láìgbọ́ nípa rẹ̀ rí, ìyẹn ni òṣùwọ̀n tí àwọn oníwàádìí ń so mọ́ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ṣà yàn. Òṣùwọ̀n yìí ni ó ń sọ iye ọmọ tí ọmọ kan ṣoṣo náà ń ṣojú fún. Kì í sì í dúró bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ kọ ọ́. Wọ́n a máa tún un ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ibi ìwádìí dé. Nínú àtúnṣe yẹn ni ọ̀rọ̀ wà, nítorí pé ibẹ̀ ni ọwọ́ olùkọ́ kíláàsì ti kan iye tí gbogbo ayé yóò kà, yálà olùkọ́ náà mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà, ó yẹ kí orúkọ nǹkan yìí yéni dáadáa. Iṣẹ́ Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìdìpọ̀ kìíní rẹ̀, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú ìdìpọ̀ kejì tó jáde ní ọdún 1990, ti fi hàn pé èdè Yorùbá kò ṣaláìní ọ̀rọ̀ bí ó bá di ti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. “Òṣùwọ̀n” dára, ṣùgbọ́n ó lè mú ọkàn ènìyàn lọ sí kóńgò tí wọ́n fi ń wọn ìrẹsì Ìgbẹmọ. “Ẹrù aṣojú” sún mọ́ ìtumọ̀ jù ú lọ, nítorí pé kì í ṣe bí ọmọ náà ṣe mọ̀wé tó ni wọ́n ń fi wọ̀n, bí kò ṣe iye àwọn tí ó rù sí orí. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ni yóò máa jẹ yọ níhìn-ín.

Ìdí tí ẹrù aṣojú fi pọn dandan hàn kedere bí ènìyàn bá wo bí wọ́n ṣe pín irú ìwádìí MICS kan náà ní ọdún 2011. Àgbègbè ìkànìyàn 40 ni wọ́n mú ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti ní Àbújá. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,480. Èkìtì mú 40, Èkó náà mú 40. Bẹ́ẹ̀ sì ni nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, nǹkan bí mílíọ̀nù 2.4 ènìyàn ni wọ́n kà ní Èkìtì, nígbà tí ti Èkó lé ní mílíọ̀nù 9. Wọ́n pín in ní dọ́gbadọ́gba kí ìpínlẹ̀ kékeré náà lè ní iye ènìyàn tó tó láti fi sọ ọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ da ìpínlẹ̀ méjèèjì pọ̀ láti sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìdọ́gba yẹn di irọ́. Ká ní, fún àfiwé lásán, pé ọmọ 60 nínú ọgọ́rùn-ún mọ̀wé kà ní Èkìtì, tí 40 sì mọ̀ ọ́n kà ní Èkó. Ẹni tó bá kàn pa wọ́n pọ̀ tó sì pín in sí méjì yóò rí 50. Ẹni tó bá jẹ́ kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan rù bí ó ti pọ̀ tó yóò rí nǹkan bí 44. Ìyàtọ̀ mẹ́fà yìí kò wá láti inú ìdánwò tàbí láti inú ìmọ̀ ọmọ kankan. Nínú ẹrù ni ó ti wá. Nígbà tí wọ́n ṣe ti ọdún 2016 sí 2017, wọ́n fún Èkó àti Kánò ní àgbègbè 120 ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àwọn ìpínlẹ̀ yòókù sì gba 60. Síbẹ̀ wọ́n ṣì ní láti fi òṣùwọ̀n tún un ṣe.

Àwọn kan lè sọ pé wọ́n rẹ́ Èkìtì jẹ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iye ti Èkìtì fúnra rẹ̀ kò yí padà. Ìgbà tí wọ́n bá ń ka gbogbo orílẹ̀-èdè pọ̀ nìkan ni ẹrù ọmọ Èkìtì fúyẹ́ ju ti ọmọ Èkó lọ.

Bí ọmọ ogún ṣe ń ru ẹrù ọgọ́rùn-ún mẹ́fà

Ti ilé-ìwé ni ó kan olùkọ́ jù. Ìgbéléwọ̀n inú ilé-ìwé kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ yìí: Nàìjíríà wà nínú ìwádìí kejì lórí ẹ̀kọ́ ìṣirò tí àjọ IEA ṣe káàkiri àgbáyé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àti nínú èyí tí UNESCO àti UNICEF ṣe agbátẹrù rẹ̀ fún àwọn ọmọ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Kẹrin ní ọdún 1996. Lápá ibòmíràn tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, àwọn ilé-ìwé orílẹ̀-èdè Benin, tó fi mọ́ Kétu àti Ṣábẹ̀, àti ti Togo, wà lára àwọn tí gègé ìwádìí PASEC ti ọdún 2014 àti 2019 lè mú.

Ká ní ìgbéléwọ̀n kan fẹ́ mọ bí àwọn ọmọ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Kẹrin ṣe ń kàwé sí ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn/Ìfẹ́lódùn, tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Ìgèdè. Wọ́n ṣẹ́ gègé, wọ́n mú ilé-ìwé kan nínú mẹ́wàá mẹ́wàá. Ilé-ìwé tí gègé mú ń ṣojú fún mẹ́wàá nìyẹn. Wọ́n dé ibẹ̀, rẹ́jísítà sọ pé ọmọ 60 ló wà ní kíláàsì, wọ́n sì mú 20 nínú wọn. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ń ṣojú fún mẹ́ta nínú kíláàsì rẹ̀. Wọ́n fi 3 sọ 10 di púpọ̀, ó di 30. Ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú ogún yìí ru ẹrù ọgbọ̀n ọmọ, gbogbo wọn lápapọ̀ sì ru 600. Ní TIMSS, tí Ghana kópa nínú rẹ̀ ní ọdún 2003, 2007 àti 2011, ìlànà náà gùn ju èyí lọ: ilé-ìwé tí èrò pọ̀ nínú rẹ̀ ni gègé tètè máa ń mú, ẹrù rẹ̀ a sì fúyẹ́ nítorí ìyẹn, odindi kíláàsì ni wọ́n sì máa ń mú lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ìsọdipúpọ̀ kan náà ni ó wà ní ìdí rẹ̀.

Wàyí o, ọjọ́ ìdánwò pé. Nínú ogún tí wọ́n pè, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wá. Kí ni wọn yóò ṣe sí ẹrù àwọn márùn-ún yòókù? Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, ọmọ 150 ti sọ nù nínú ìṣirò, ilé-ìwé náà kò sì ní kópa bí ó ti yẹ nínú èsì ìjọba ìbílẹ̀. Nítorí náà wọ́n a pín ẹrù àwọn tí kò wá fún àwọn tó wá: 20 tí wọ́n pín sí 15, tí wọ́n fi sọ 30 di púpọ̀, ó di 40. Ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà yóò ru 40. Àpapọ̀ padà di 600. Àtúnṣe òṣùwọ̀n tí wọ́n ń sọ nìyẹn. Nígbà mìíràn, bí ẹrù ọmọ kan bá wúwo jù débi tí òun nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ máa darí èsì odindi ìpínlẹ̀, wọ́n a gé díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀.

Àwọn olùkọ́ kan gbà pé àbùmọ́ ni èyí, pé wọ́n ń fi ẹnu ọmọ tó wá sọ̀rọ̀ fún ọmọ tí kò wá. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn náà kò tọ̀nà bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀. Ẹni tí kò ṣe àtúnṣe kò sá fún àbùmọ́. Ńṣe ni ó gbà láìsọ pé àwọn tí kò wá kò sí láyé rárá. Ẹni tó ṣe àtúnṣe gbà pé wọ́n wà, ó sì ní ìrètí pé wọ́n jọ àwọn ẹgbẹ́ wọn tó wá. Ìrètí yẹn gan-an ni ó yẹ kí ènìyàn gbé yẹ̀ wò, nítorí pé ìṣirò kankan kò lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀.

Ìlú Gẹ̀ẹ́sì rí ẹ̀rí èyí lójú ara wọn. Ní ìgbéléwọ̀n PISA ti ọdún 2003, àwọn ilé-ìwé tó kópa ní England kéré débi pé wọ́n yọ ilẹ̀ United Kingdom kúrò nínú àtẹ ìfiwéra àwọn orílẹ̀-èdè. Wọ́n ní ohun kan tí Nàìjíríà kò ní, ìyẹn àkọsílẹ̀ èsì ìdánwò orílẹ̀-èdè wọn fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ìbáà wá sí PISA, ìbáà má wá. John Micklewright, Sylke Schnepf àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi àkọsílẹ̀ yìí yẹ ti ọdún 2000 àti 2003 wò. Wọ́n rí i pé àwọn ọmọ tó kópa mọ̀wé ju àwọn tí kò kópa lọ, àti pé òṣùwọ̀n tí wọ́n ti tún ṣe kò fi bẹ́ẹ̀ mú ojúsàájú náà kúrò. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní PISA ti ọdún 2022, iye àwọn ọmọ tó wá tún kéré sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún tí ìlànà béèrè. Wọ́n tẹ èsì náà jáde, ṣùgbọ́n wọ́n fi àmì ìkìlọ̀ sí i lára. Orílẹ̀-èdè tí kọ̀ǹpútà wà ní gbogbo ilé-ìwé rẹ̀ ni èyí ṣẹlẹ̀ sí.

Ọmọ tí kò wá ní Èkìtì

Ta wá ni ọmọ tí kì í sí ní kíláàsì ní ọjọ́ ìdánwò ní àwọn ìlú bí Ìgèdè, Awò tàbí Ẹ̀yìò? Olùkọ́ kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ wádìí rẹ̀. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ mú lọ sí ọjà ni, nítorí pé ọjọ́ ọjà bọ́ sí ọjọ́ ìdánwò. Ọmọ tó ń lé ẹyẹ nínú oko ìrẹsì ni. Ọmọ àgbẹ̀ Ebira tàbí Tiv ni, tó ń rìn láti abà wá sí ilé-ìwé, tí òjò sì sé mọ́. Ọmọ tí wọ́n lé lọ sílé nítorí owó kan tí kò rí san ni. Ṣé ẹnikẹ́ni lè fi ọwọ́ sọ àyà pé bí àwọn wọ̀nyí ṣe ń kàwé kò yàtọ̀ sí ti àwọn tó jókòó síwájú olùkọ́ lọ́jọ́ náà? Ìwọ̀nba ọjọ́ tí wọ́n ń wá sí ilé-ìwé ni ó sọ ìwọ̀nba ohun tí wọ́n mọ̀. Tí wọ́n bá wá pín ẹrù wọn fún àwọn tó wá, èsì ilé-ìwé náà yóò dára ju bí ó ti yẹ lọ, ẹni tó sì ka ìwé èsì ní Abùjá kò ní mọ̀.

Ìwádìí tí ó bá wọ ilé dé ọ̀dọ̀ òbí, bí irú MICS, sàn díẹ̀ lójú èyí, nítorí pé ó ń bá ọmọ tí kò tilẹ̀ forúkọ sílẹ̀ ní ilé-ìwé kankan pàdé. Ti inú ilé-ìwé kò fún ọmọ yẹn ní ẹrù kankan, kódà kò fún ọmọ mìíràn ní ẹrù rẹ̀. Bákan náà ni ti àwọn ilé-ìwé aládàáni kéékèèké tó ń hù káàkiri Adó tí orúkọ wọn kò sí nínú ìwé ìjọba: gègé kò lè mú ohun tí kò sí nínú igbá gègé. Ṣùgbọ́n ti inú ilé náà ní ìjàǹbá tirẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n fi gègé mú nínú ilé kọ̀ọ̀kan ní ọdún 2021, nítorí náà ọmọ tó ti ilé ọlọ́mọ márùn-ún wá ń ru ẹrù ìlọ́po márùn-ún ti ọmọ tó dá wà nílé rẹ̀. Bí ìyá bá gbàgbé láti dárúkọ ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń bá a gbé, ẹrù ti fúyẹ́ nìyẹn láìsí ẹni tó fura. Ọdún 2006 ni wọ́n sì ka ènìyàn kẹ́yìn ní ilẹ̀ yìí, ìkànìyàn náà sì ni ìpìlẹ̀ tí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ti ń ṣa àgbègbè. Ìlú tó ti fẹ̀ bí Ìwòròkò láti ìgbà náà, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń gbé ibẹ̀, kò lè jẹ́ iye tó jẹ́ nígbà yẹn.

Nígbà mìíràn sì rèé, kì í ṣe oko tàbí òjò ni kò jẹ́ kí àwọn ènìyàn wá. Àwọn fúnra wọn ni ó kọ̀. Ìwádìí ọdún 2016 sí 2017 kò lè dé àwọn àgbègbè kan ní Borno, Yobe àti Adamawa nítorí ogun, wọ́n sì sọ ọ́ nínú ìwé èsì pé ibi tí ẹsẹ̀ dé nìkan ni èsì ìpínlẹ̀ náà ń ṣojú fún. Ìyẹn ti ogun. Ti Èkìtì yàtọ̀: ní ọdún 2012 nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ fẹ́ ṣe ìdánwò láti mọ ohun tí àwọn olùkọ́ nílò, ọ̀pọ̀ olùkọ́ kò jáde fún un. Ìdánwò náà kì í ṣe ti àṣàyàn díẹ̀, ti gbogbo olùkọ́ ni. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí kò sì kéré. Ẹni tó bá fi àwọn tó jáde díwọ̀n àwọn tó kọ̀ ti ṣìnà, torí pé ìdí tí wọ́n fi kọ̀ kò ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n fẹ́ wọ̀n. Ìbẹ̀rù ìdánwò ń lé àgbà sá gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń lé ọmọdé.

Orúkọ tí kò ní ọmọ lẹ́yìn

Èyí tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ olùkọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ padà sí kíláàsì ọmọ 60 tí ó wà lókè. Ká ní 15 nínú orúkọ 60 yẹn kò ní ọmọ lẹ́yìn: àwọn kan ti bá òbí wọn kó lọ sí Òǹdó, àwọn kan ti bọ́ sí ilé-ìwé aládàáni, àwọn mìíràn sì wà nínú rẹ́jísítà nítorí pé kò sí ọ̀gá ilé-ìwé tó fẹ́ kí wọ́n sọ pé èrò ilé-ìwé òun ti dín kù, kí wọ́n má baà gba olùkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ 45 ló wà ní tòótọ́. Gègé kò mọ èyí. Ó mú ogún, márùn-ún nínú wọn sì jẹ́ orúkọ lásán. Ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló jókòó.

Oníwàádìí bi olùkọ́ pé, “Àwọn márùn-ún yìí ńkọ́?” Bí olùkọ́ bá dáhùn pé wọn kò wá lónìí, wọ́n di àwọn tí kò wá, wọ́n sì pín ẹrù wọn fún àwọn tó wá. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ru 40, ilé-ìwé náà sì dúró fún ọmọ 600. Bí ó bá dáhùn pé wọ́n ti kúrò ní ilé-ìwé, wọn kì í ṣe ẹni tó yẹ kí wọ́n kà mọ́; kò sí ẹrù láti pín, ọmọ kọ̀ọ̀kan dúró lórí 30, àpapọ̀ sì jẹ́ 450, èyí tí í ṣe òtítọ́. Gbólóhùn kúkúrú méjì ni, ìyàtọ̀ àárín wọn sì jẹ́ 150 ọmọ tí kò sí níbì kankan. Lápapọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ ní ilé-ìwé abúlé nìkan tí kò sì ṣẹlẹ̀ ní ti ìgboro, àwọn ọmọ abúlé yóò tóbi nínú èsì ju bí wọ́n ṣe wà lọ. Onímọ̀ ìṣirò tó gbọ́n jù lágbàáyé kò lè ti orí tábìlì rẹ̀ rí àléébù yìí, nítorí pé nọ́ńbà rẹ̀ pé, ìsọdipúpọ̀ rẹ̀ sì tọ̀nà.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ̀kọ́ ìdíwọ̀n àti ìgbéléwọ̀n ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ máa parí sí bí wọ́n ṣe ń ṣètò ìbéèrè onídàáhùn mẹ́rin àti bí wọ́n ṣe ń wá àròpín máàkì. Akẹ́kọ̀ọ́ NCE tó ń lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìgèdè yẹ kí ó lè fi rẹ́jísítà kíláàsì kan ṣe ìṣirò tí ó wà lókè yìí, ní èdè Yorùbá, lórí pátákó, kí ó sì rí ibi tí 600 ti yà kúrò lára 450. Àwọn tó ń tẹ èsì jáde náà ní tiwọn láti ṣe: kí wọ́n kọ iye ọmọ tí wọ́n pè, iye tó wá, àti iye tí wọ́n sọ pé ó ti kúrò, fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, sí ojú ewé kan náà tí wọ́n kọ iye àwọn tó mọ̀wé kà sí. Ìwé èsì tí ó gbé ti ìkẹyìn yìí síwájú nìkan ti béèrè ìgbàgbọ́ tí kò yẹ ẹ́.

Ní ti olùkọ́ kíláàsì, kò sí ẹni tó ń bi í ju ìbéèrè kan lọ ní ọjọ́ náà. Wọn yóò pe orúkọ kan, ọmọ kò ní dáhùn, oníwàádìí yóò sì gbé ojú sókè láti orí ìwé rẹ̀, yóò máa dúró de ohun tí olùkọ́ fẹ́ sọ.